Morádéyọ̀ àti Nọ́ńbà Inú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọmọ ọmọ mi ni Morádéyọ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń kọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lukman ní Ayétòrò, ó sì ti lo ọdún kan àti ààbọ̀ níbẹ̀ kí Leah tó dé. Leah kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ló lò tí ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà ńlá lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun ọmọ mi mọ́. Bá a bá ń jẹ ẹ̀bà, ọ̀rọ̀ Leah ni. Bá a bá ń pọn omi, Leah náà ni.

"Màmá, ọ̀gá ní ojú rẹ̀ mọ ìmọ́lẹ̀. Tèmi ńkọ́? Ṣé ojú adìyẹ alẹ́ ni tèmi ni?"

Èmi náà kò sọ ohun tó yẹ kí àgbà sọ. Nínú àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa lábẹ́ òṣùpá, ọwọ́ ẹlòmíràn ni Ìjàpá máa ń wò kó tó ṣe tiẹ̀. Mo gbàgbé ibi tó máa ń já sí. Mo ní, "Máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀, ìwọ náà tẹ̀ ẹ́."

Kò pẹ́ tí Bàbá Tíṣà Akínlolú fi fẹ̀yìn tì ní Ọjà-Ọ̀dàn, wọ́n sì pe ọ̀gá wá ya fọ́tò. Ọ̀gá pín iṣẹ́: kí Leah ya ìsìn ìdúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí Morádéyọ̀ ya ẹbí níta. Ẹni tí tiẹ̀ bá dára jù ni yóò bá ọ̀gá lọ sí Ìlaròó lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ poli yóò ti gba ìwé-ẹ̀rí. Èmi náà bá wọn lọ.

Bí ọmọ mi ṣe là á yé mi, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń yí lára kámẹ́rà: bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe máa fẹ̀ tó, bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó padé, àti bí ojú kámẹ́rà ṣe máa mú tó, èyí tí wọ́n ń pè ní ISO. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣókùnkùn. Leah la ihò gbòòrò, ó mú ISO gòkè, fọ́tò sì ń jáde bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Morádéyọ̀ na ọrùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ka nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó há wọn sórí.

Ọ̀sán gangan la jáde. Oòrùn ń ta bí ẹni pé ó bá wa jà. Ẹbí Bàbá Tíṣà tò nínú aṣọ funfun. Nọ́ńbà inú ṣọ́ọ̀ṣì ni Morádéyọ̀ tẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà níbi tí fọ́tò ti ń hàn: funfun báláú. Ó rò pé oòrùn tó ń dán lójú òun ni kò jẹ́ kóun rí nǹkan, ìgbéraga kò sì jẹ́ kó bi Leah tó dúró nítòsí.

"Ó ti tán o, ẹ ṣeun!" ó ké sí ẹbí náà.

Ọ̀gá gba kámẹ́rà, ó wọ abẹ́ ìbòòji. "Morádéyọ̀, Bàbá Tíṣà dà? Ìyàwó wọn dà? Àbí èlùbọ́ lo yà? Ta ló fún ẹ ní nọ́ńbà yìí?"

"Leah ni, sà."

Leah lanu. "Ẹ̀gbọ́n! Èmi? Ìgbà wo?"

Ojú tì mí débi pé mo dìde. "Ọ̀gá, kò fún un. Ó yọjú wò ó ni. Èmi ni mo rán an."

Ọ̀gá mirí. "Màmá, ẹni tó ń yan gàrí, ṣé iná ilé kejì ló máa ń wò? Leah, pè wọ́n padà kí wọ́n tó bọ́ aṣọ."

Leah dín ihò kù, ó mú ISO wálẹ̀, ó yà wọ́n. Ó dára. Bó ṣe dára yẹn gan-an ló bí èmi náà nínú.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ọ̀gá àti Leah lọ sí Ìlaròó, Morádéyọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń wo títì títí oòrùn fi ga. Nígbà tó yá, ó gbé kámẹ́rà àlòkù tí ọ̀gá fi ń kọ́ wọn jáde.

"Màmá, ẹ wá jókòó síbí, níwájú ògiri."

Ó wo oòrùn, ó wo ojú mi, kó tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Ó yà á, ó dúdú. Ó yí i, ó tún yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yà á kí n tó rí ilà ojú ara mi níbẹ̀.

"Ó dára," mo ní.

Kò rẹ́rìn-ín. "Leah á ti máa mu mínírà tútù níbẹ̀ báyìí," ó ní. "Ẹ má mi orí, Màmá. Ó ku ọ̀kan."