Ọpẹ́ Àárọ̀ Ọjọ́ Kejì

Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù nínú mi. Mo ṣe akọ̀wé rí ní Jos, nígbà ìjọba alágbádá kejì, kí àwọn ológun tó tún padà dé. Ilé iṣẹ́ wa ló máa ń pe àwọn aráàlú àti àwọn onímọ̀ jọ, kí wọ́n jọ jíròrò lórí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè: ilẹ̀, omi, ẹ̀kọ́, oúnjẹ. Ohun tí wọ́n bá sọ, àwa a kọ ọ́ sínú àbọ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba ní Èkó.

Angwan Rogo, àdúgbò kan nínú Jos, ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá, ṣùgbọ́n nígbà náà Haúsá yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ, Gẹ̀ẹ́sì mi sì ń dún dáadáa. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí. Èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èmi náà ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo sì gbéra ga, kí n má purọ́. Bàtà gogoro ni mo máa ń wọ̀ gba ojú ọ̀nà olókùúta lọ síbi iṣẹ́.

Àṣà kan wà níbi iṣẹ́ wa tí ẹnikẹ́ni kì í sọ síta. Ọjọ́bọ̀ ni ìjíròrò máa ń wáyé, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mọ́tò tó ń gbé ìwé lọ sí Èkó máa ń gbéra. Ta ló lè tẹ odindi àbọ̀ láàárín méjèèjì? Nítorí náà, láti Ọjọ́rú la ti ń tẹ àbọ̀ ìjíròrò Ọjọ́bọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kí àwọn èèyàn tó la ẹnu, mo ti kọ ohun tí wọ́n sọ. Àyè iye èèyàn tó wá nìkan ni mo máa ń fi sílẹ̀. “Gbogbo ìjókòó pàtẹ́wọ́” pàápàá, mo ti tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ọ̀gá wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fẹ́ràn ìwé, a máa sọ fún mi pé, “Bí ohun tuntun kan bá jẹ yọ, bá wa fi kún un.” Ọwọ́ mi ló fi í sí.

Lóṣù tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kùsà la pe ìjíròrò lé lórí. Ẹni tó bá mọ Jos mọ̀ pé àwọn tó wa kùsà, ìyẹn tánganran, fi ihò ńláńlá sílẹ̀ káàkiri, omi sì kún inú wọn. Onímọ̀ mẹ́ta sọ̀rọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n ní kí ìjọba máa fi àwọn omi náà sin ẹja. Lẹ́yìn wọn ni ìyá kan dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó kí wa tán. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó wa kùsà, Du, abúlé kan lẹ́yìn Jos, ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ìyá sì ń ta tùmátì ní ọjà Farin Gada.

Ó kí wa ní Haúsá bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́lá, ó ní, “Ranku ya dade, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ihò kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ó gbé ọmọ ọmọ mi lọ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Èmi ò bá ti ẹja wá. Ẹ bá mi sọ fún ìjọba kí wọ́n fi wáyà yí i ká. Wallahi, ìyẹn nìkan ni mo wá sọ.”

Ó jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, a sì padà sórí ẹja.

Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kékeré mi. Ohun tí mo ṣe ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó lè wọ inú àbọ̀, mo ní láti tún ojú ìwé kan tẹ̀ látòkèdélẹ̀. Wákàtí kan péré ni, bó bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ku ọ̀tunla, mo sì ti bá onídìrí ṣe àdéhùn. Mo wo aago. Mo ní n ó fi í sí ti oṣù tó ń bọ̀. Mo kọ iye èèyàn sí àyè tí mo fi sílẹ̀, mo lẹ àpò ìwé pa, mo gbé báàgì mi.

Àfi bí mo ṣe bá ìyá lẹ́nu ọ̀nà, tó dúró dè mí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ti wọ inú ìwé?”

“Ó ti wọ ibẹ̀, Ìyá.”

“Ìjọba á rí i?”

“Wọ́n á rí i. Wọ́n á wá fi wáyà yí i ká.”

Ta ló rán mi níṣẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn? Ẹnu mi tí kì í sinmi!

Ẹ ṣáà mọ àwa Yorùbá: bí ẹnìkan bá ṣe wá lóore lónìí, a ó tún padà lọ dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò tíì wẹ̀ tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Ìyá ni. Ó ti béèrè ilé wa lọ́wọ́ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ inú ọjà. Ó gbé agbọ̀n tùmátì kalẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé àná o. Ẹ kú oore àná.” Ó sì kúnlẹ̀. Èmi ló kúnlẹ̀ fún o, èmi tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ á gbà lẹ́gbọ̀n-ọ́n! Yéè! Ìyá mi sáré fà á dìde, ó ń wò mí, inú rẹ̀ ń dùn, ó fẹ́ mọ ohun ńlá tí ọmọ òun ṣe. Orí ń ta mí nítorí irun tuntun. Mo ní, “Kò tọ́pẹ́, Ìyá.” Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe mí.

A fi tùmátì náà se ọbẹ̀, mo sì jẹ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó wá gba ọpẹ́ oore tí kò ṣe ńkọ́? Èmi mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oṣù tó tẹ̀lé e dé, ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni a jíròrò lé lórí. Mo ní ibo ni n ó ti ki ihò kùsà bọ ọ̀rọ̀ ilé ìwé? Ìwé kékeré náà wọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn aládùúgbò ìyá ti ṣe ìpàdé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbin kérànà yí ihò náà ká, igi ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ará Du fi ń ṣe ọgbà ilé, tí màlúù pàápàá kì í gbà kọjá. Wọ́n ti gé ọ̀pá rẹ̀ jọ. Ìyá ló ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó ní, “Haba! Ìjọba ń bọ̀ wá fi wáyà ṣe é. Ọmọ wa kan wà níbẹ̀, òun ló sọ fún mi.” Wọ́n gbà á gbọ́. Àsìkò gbígbìn kọjá, òjò dá.

Nígbà ọyẹ́, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kan já sínú omi náà. Fúlàní kan tó ń da màlúù lọ ló bẹ́ sómi tó fà á yọ. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ó lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó fọhùn.

Ìyá wá sí ọ́fíìsì wa. Mo rí i lójú fèrèsé. Mo ní ó ti dé, ó wá bú mi. Kò bú mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán wọn létí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ti ṣe tiyín. Àwọn ńlá ló ń fi í falẹ̀.”

Mo ní, “Àwọn ńlá ni, Ìyá.”

Ọlọ́run gbọ́ mi. Mo sọ ọ́, ojú mi ò sì yẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni mo kórìíra jù.

Nígbà tí òjò tún sún mọ́lé, mo gbọ́ nínú ọjà pé àwọn aládùúgbò ìyá fẹ́ gbin kérànà wọn. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo wọ bàtà pẹlẹbẹ, mo lọ sí Du. Ìyá ń fi mí han gbogbo èèyàn. “Òun nìyí. Òun ló bá wa sọ̀rọ̀ débi ìjọba. Àwọn ni kò gbọ́.” Obìnrin tó bí ọmọ tó já sómi di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń sọ fún mi ní Haúsá pé, “Na gode, na gode.” Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá, mi ò kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà, kò dé Èkó. Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà. Mo fẹ́ lọ dirí ni.”

Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, oje kérànà funfun ń kán lẹ́nu àdá náà. Ó wo orí mi.

“Dirí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó yí padà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo gbìn títí oòrùn fi rọ̀, oje náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ń jó mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ní kùtùkùtù, mo gbá iwájú ilé, mo gbé àga síta. Ọkọ̀ ọjà láti Du kọjá lọ sí Farin Gada. Mo rí orí ìyá láàárín àwọn agbọ̀n tùmátì. Ọkọ̀ náà ò dúró.

Ìyá mi yọjú, ó bi mí pé ta ni mò ń retí. Mo ní kò sẹ́nì kankan.