Ọkùnrin Tó Ń Dúró Lẹ́yìn Àwọ̀n

Kí agogo tó lu méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Abdulmumin ti dìde nídìí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Á gbé bàtà sórí itan, á ti abẹ́rẹ́ wọ awọ, á tún gbé e sílẹ̀, á jáde sí ojú títì Bẹyẹrúnkà bí ẹni tí wọ́n pè. Kò sì sẹ́ni tó pè é. Á wo ọ̀nà Mápó, á wo ọ̀nà Ọjà'ba, á padà wọlé.

"Bàbá Qúdrát, kí lẹ ń wá gan-an?" Mujeebat ìyàwó rẹ̀ bi í. Obìnrin náà ń to bàtà ọmọdé síwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Mi ò wá nǹkan kan."

"Ẹ wá ń rìn bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Nínú ààwẹ̀ yìí náà?"

Abdulmumin padà sídìí iṣẹ́. Ó jókòó. Kò pẹ́, ó tún dìde.

Bàtà ló ń rán, bí bàbá rẹ̀ ṣe rán an nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá béèrè rẹ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí ní Orítamẹ́rin, Bàbá Ẹ̀yìn-Àwọ̀n ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti ń bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìrẹ́pọ̀ wá ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù. Ìpele kẹta ni Ìrẹ́pọ̀ wà nínú líìgì. Agbára wọn kò ká ẹni tó ti lórúkọ, ojú Abdulmumin ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti ri òpó méjì mọ́lẹ̀, á dé ibẹ̀, á lọ dúró lẹ́yìn àwọ̀n. Kì í wo bọ́ọ̀lù. Á yan ẹnì kan, á máa wo ohun tí onítọ̀hún ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jìnnà sí i. Tí eré bá ti lé ní wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí ọmọ náà fọwọ́ lé orúnkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta kò burú. Tó bá ti kọjá márùn-ún, á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní èémí. Ohun tó bá sì ti kọ, ó ti kọ ọ́ nìyẹn. Kò tíì gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ Ìrẹ́pọ̀ rí.

Ọmọ kan tó ń jẹ́ David ni kò jẹ́ kó jókòó.

Ọjọ́ Ajé ló lọ wò ó ní pápá kan lẹ́yìn Mápó, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lórí ìwé orúkọ tí Ìrẹ́pọ̀ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí líìgì, ọmọ méjì ló sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ni Afeez, tó ń gbá ẹ̀yìn. Èkejì ni David, tó ń lẹ táyà ní Bẹẹrẹ, tó sì ń gbá àárín. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, David gba bọ́ọ̀lù kan, kò wo ilẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì gbé e gba àárín èèyàn mẹ́ta kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ara Abdulmumin bù máṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó fọwọ́ lé orúnkún lẹ́ẹ̀meje.

Afeez náà fọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀mẹfà. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ wà lẹ́nu Afeez, Abdulmumin sì mọ ohun tí òùngbẹ ń fojú èèyàn rí lásìkò yẹn. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu òun náà. Ó yọ mẹ́ta kúrò fún un, bó ṣe máa ń yọ ọ́ fún gbogbo ọmọ Mùsùlùmí nínú oṣù Ramadan. Kò yọ nǹkan kan fún David. Orí ọmọ náà tiẹ̀ ń dán fún òróró, ojú rẹ̀ ń kọ mànà. Abdulmumin sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé onífáàrí ni. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n mú Afeez, pé David kò ní èémí, ó sì fi ìwé náà lé Japheth, akọ̀wé Ìrẹ́pọ̀, lọ́wọ́. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ìforúkọsílẹ̀ á parí.

Bọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú kẹrin yẹn ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ń rí i lára awọ tó ń rán. Ó rí i lórí ẹní ìkírun.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́fà lù, Mujeebat gbé àwo mọ́ínmọ́ín lé e lọ́wọ́. "Tí ẹ ò bá kúkú lè jókòó, ẹ bá mi gbé e fún Ìyá Tèmítọ́pẹ́. Kó jẹ ẹ́ ní gbígbóná, òun tí ò gbààwẹ̀."

Eunice ìyá Tèmítọ́pẹ́ ń ta ohun mímu tútù ní òdìkejì títì. Ó gba àwo náà, ó dúpẹ́, ó dé e, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ ò ní jẹ ẹ́?" Abdulmumin bi í.

"Ẹ jẹ́ kó lu mẹ́fà ná, Bàbá Qúdrát. Àbí ẹ fẹ́ bà mí láàwẹ̀ jẹ́ ni?"

"Ààwẹ̀ wo?"

"Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ńkọ́! Ọjọ́rú tí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ tiyín làwa náà bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn lọ́dún yìí ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Àfi pé tiwa ò ní sàárì o. Ẹ̀yin á jẹun yó ní kùtù, ẹ ó tún wá máa ké òùngbẹ."

Abdulmumin kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò rí i lójú yín."

"Ẹ ò gbọdọ̀ rí i. Bíbélì ní ká bọ́jú, ká fi òróró pa orí, ká má fajú ro. Ọmọ Aládùúrà ni wá, a kì í fi ààwẹ̀ ṣe fáàrí."

Ìgbà tó gbọ́ òróró ló kọrí sí ọ̀nà Bẹẹrẹ. Mujeebat ń pè é lẹ́yìn pé ìṣínu ń bọ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

David jókòó lórí táyà ńlá kan, búrẹ́dì tí kò tíì bù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí Abdulmumin, ó dìde, ó tẹríba.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Lọ́jọ́ Ajé, ṣé ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn kí o tó wọ pápá?"

"Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, sà."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, sà." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Tí mo bá sì sọ ọ́, ẹ lè ní àwáwí ni mò ń wá. Ìyá mi náà ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Afeez náà kò sọ tirẹ̀ fún mi."

"Ti Afeez kò fara sin, sà. Ó ń tutọ́ yí pápá ká."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Abdulmumin, kò jẹ́ kó jáde. Ó ní kí ọmọ náà jẹun, ó sì yíjú padà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, ó gun òkè lọ sí yàrá tí Ìrẹ́pọ̀ fi ṣe ọ́fíìsì ní Ọjà'ba. Akọ̀wé Japheth, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ fún mi ní ìwé tí mo kọ nípa David. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ náà, mi ò béèrè."

Japheth bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mùmín, ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí àwa méjèèjì ti ń jókòó níbí. Ṣé o rí mi kí n mu omi?"

Abdulmumin wo ife tó wà lórí tábìlì. Eruku wà nínú rẹ̀.

"Ìwọ tí wọ́n ní o lójú," Japheth sọ. Inú kò bí i. "Ọmọ náà wá ní èémí?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀, o sì fẹ́ kí n yọ Afeez?"

"Ṣé ẹ ti sọ fún Afeez?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan."

"Ẹ ṣeun. Akọ̀wé, ebi ni mo rí, mi ò rí èémí ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n mo rí bọ́ọ̀lù tó gbá kó tó rẹ̀ ẹ́. Afeez dáa, a máa rí irú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Irú bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì rí i láti ọjọ́ tí mo ti ń dúró lẹ́yìn àwọ̀n."

"O mọ ohun tí ìgbìmọ̀ máa sọ. Àwọn kan ti ń wá ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ."

"Mo mọ̀."

"Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fọwọ́ sí i. Mi ò ní í bá ọ fẹnu sọ ọ́."

Agogo mẹ́ta ààbọ̀ ti kọjá. Abdulmumin fa ìwé kan mọ́ra. Ó kọ ọ́ pé: "Mo yọ mẹ́ta fún Afeez nítorí ààwẹ̀. David náà ń gbààwẹ̀, èmi ni mi ò bi í. Ẹ mú David." Japheth kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ìlà sórí orúkọ Afeez, ó kọ ti David, ó sì fi fóònù ya ìwé orúkọ náà, ó fi ránṣẹ́.

Ìgbìmọ̀ kò lé Abdulmumin. Wọ́n kàn yan tíṣà kan tó ń jẹ́ Dáramọ́lá tì í, kóun náà máa kọ ìwé tirẹ̀, kí wọ́n lè máa fi méjèèjì wéra. Wọn kò sì tíì fi David sínú eré kankan. Kóòṣì ní ó di ẹ̀yìn Àjíǹde kóun tó wo èémí rẹ̀.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dáramọ́lá bá Abdulmumin ní pápá, kò sí lẹ́yìn àwọ̀n. Àárín àwọn ọmọ tó ń so okùn bàtà ló wà, ó ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ, ṣé ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ?"

"Bàbá Ẹ̀yìn-Àwọ̀n, ṣé ẹ fẹ́ gbé oúnjẹ fún wa ni?" ọ̀kan dáhùn, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Dá mi lóhùn."

Ọmọ náà dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn.