Nọ́mbà Kìíní Kì Í Ṣe Àga Ọ̀gá

Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé gíga aládàáni tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mí níbi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù ló fà á. Ẹni tó bá mọ̀ wá yóò ti mọ ẹni tí mò ń sọ, ẹni tí kò bá sì mọ̀ wá, kí ló fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Àwọn míì ṣe mí níbi lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kàwé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ rí. Mo fi wáyà lé e lọ́wọ́, mo ní kó jókòó sílẹ̀. Ọmọ ìdílé oníṣòwò kan nínú ìlú ni, wọ́n sì kọ́ ọ nílé dáadáa: kò bá mi sọ̀rọ̀ rí láìfi Àǹtí ṣáájú. Pẹ̀lú Àǹtí yẹn náà ló fi gba ipò tó yẹ kó jẹ́ tèmi, nítorí wọ́n ní kò yẹ kí obìnrin máa gun òrùlé lọ wo àwo ńlá tí a fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo ti ń gun òrùlé náà kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

Kí n tó sọ ohun tó ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi ṣe.

Èmi ni mo fún gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-ìwé yẹn ní àdírẹ́sì. Ohun tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í lọ lódindi. Ẹ̀rọ máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, á sì kọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ sára ègé kọ̀ọ̀kan. Nọ́mbà ni àdírẹ́sì náà. Lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ tí à ń pè ní ráútà ló ń gba àwọn ègé wọ̀nyí, tó sì ń darí wọn síbi tí wọn yóò yà sí. Kò bìkítà fún ohun tó wà nínú wọn. Àdírẹ́sì nìkan ló ń wò.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Bí àlejò kan bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi láti Kánò, awakọ̀ tó gbé e ní Kánò kò mọ ilé mi, kò sì sídìí tó fi yẹ kó mọ̀ ọ́n. Kó ṣáà gbé e dé Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn, wọ́n á fi í sínú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde, ọlọ́kadà á bi í pé ìtún wo ló ń lọ, nítorí ìtún ni àwa ń pe àdúgbò níbí. Ó di ìtún wa kí wọ́n tó rí ẹni tó mọ ilé mi. Kò sí ẹnì kan lójú ọ̀nà tó mọ gbogbo ọ̀nà, síbẹ̀ àlejò dé. Àdírẹ́sì tó dára ni èyí tí iwájú rẹ̀ ń sọ ìlú, tí àárín rẹ̀ ń sọ ìtún, tí ìparí rẹ̀ ń sọ ilé. Ẹni tó bá pín nọ́mbà bó ṣe wù ú, tó fi ilé Ìmùṣin sáàárín ilé Ayépé, ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti ní kí awakọ̀ há gbogbo ilé ayé sórí.

Mo pín tiwa bí ìlú. Ilé ìṣàkóso ní ìtún tirẹ̀, ibi ìkàwé ní tirẹ̀, àwọn yàrá sáyẹ́ǹsì ní tiwọn. Mo fi àyè ńlá kan sílẹ̀ láàárín tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Nọ́mbà kìíní nínú ìtún kọ̀ọ̀kan, ráútà ni mo fi fún, nítorí òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun sì ni gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù gbọ́dọ̀ mọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ jáde. Ó wù mí kí n sọ pé mi ò rí ilé-ìwé kan nítòsí wa tó ní irú ètò yẹn nígbà náà. Mo sì ti sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá ẹ̀ka wọlé tọ̀ mí wá. Ó dúró sẹ́yìn àga mi, ó ń wo ohun tí mò ń ṣe.

“Àǹtí, nọ́mbà mélòó lẹ fún ọ̀gá àgbà?” Ọ̀gá àgbà ni ẹni tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, tó sì ń darí rẹ̀.

“Ogójì.”

“Ogójì. Ta ló wá wà ní nọ́mbà kìíní?”

“Ráútà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ àtẹ̀gùn ló wá ṣáájú ọ̀gá?”

“Kò ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ṣé o rí ibi tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì ti ju onílé lọ rí ni?”

“Ẹ mọ bí ọ̀gá ṣe rí, Àǹtí. Ọ̀gá máa béèrè.”

Òótọ́ ni pé ọ̀gá àgbà máa ń béèrè. Àwa Ìjẹ̀bú mọ ẹni tó ń kọ́kọ́ jókòó níbi gbogbo, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé wa, wọ́n ti gbé e dé ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, dé orí ife tíì níbi ìpàdé. Nọ́mbà kìíní ló wà lára fóònù ọ́fíìsì ọ̀gá, òun náà ló wà lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀gá ẹ̀ka, kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ló kù.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá mi kú, mo sì lọ sí Ìmùṣin lọ sin ín. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dàrú, ó sì ń dàrú lọ́nà tó ṣàjèjì. Bí ọ̀gá àgbà bá rìnrìn àjò, gbogbo nǹkan á máa lọ geere. Bó bá ti wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ tó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo ilé ìṣàkóso á dákẹ́ lọ gbári. Àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa bi ara wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn:

“Ṣé ọ̀gá ti dé?”

“O ò rí i pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?”

Wọ́n ní orí ọ̀gá ló wúwo. Akọ̀wé ọ̀gá àgbà, obìnrin kan tó ti ń wá ọ̀nà àtifi mí ṣẹ̀sín tipẹ́, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó káwọ́ sẹ́yìn. “Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ kú àìsimi o. Nọ́mbà tẹ́ ẹ tò ti ya lulẹ̀. Ṣé ká bá yín wá ẹni tó máa bá yín ṣà á ni?” Akọ̀wé náà ń gbé ní Ayépé báyìí, mo sì gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ṣí fóònù.

Kò pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà mi ké sí nọ́mbà kìíní, kó sì sọ ẹni tó dáhùn fún mi. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní àmì tí wọ́n fi sí i lára láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, èyí tó yàtọ̀ sí àdírẹ́sì tí a fún un, àmì yẹn ni mo sì fi dá wọn mọ̀. Ẹ̀rọ méjì ló dáhùn. Ọ̀kan ni ráútà. Èkejì ni kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà. Nígbà tí mo ń sin ìyá mi lọ́wọ́, ọ̀gá ẹ̀ka ti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ, ó sì ti sọ ọ́ di nọ́mbà kìíní. Láti ìgbà náà, ègé ìsọfúnni tó yẹ kó jáde lọ sáyé ń yà sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá kò mọ ọ̀nà kankan, ó kàn ń dà wọ́n nù ni. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá yọ pátákó gáréèjì, tí wọ́n lọ gbé e kọ́ sẹ́nu ilé olówó kan, tí gbogbo èrò Èkó wá ń tò sí pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù.

Mo lọ bá a. “Ìwọ lo ṣe é?”

“Àǹtí, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kó di ìpàdé. Màá bá ọ̀gá sọ ọ́.”

Ìpàdé dé. Ọ̀gá àgbà béèrè ẹni tó to nọ́mbà ilé-ìwé.

“Àǹtí ló to gbogbo rẹ̀, sà,” ni ọ̀gá ẹ̀ka wí. Kò purọ́. Ibẹ̀ ló kàn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Mo dìde. Mo ní ètò náà kò ní àbùkù, pé kọ̀ǹpútà ọ̀gá ni wọ́n gbé síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

“Síbi tí kì í ṣe tèmi?” ni ọ̀gá àgbà wí. “Nínú ilé-ìwé tí mo fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀?”

“Nọ́mbà ni mò ń sọ, sà. Wọ́n gbé yín sí nọ́mbà kìíní, ibẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà.”

“Ta ló gbé mi síbẹ̀?”

Mo wo ọ̀gá ẹ̀ka. Àwọn tó kù náà wò ó. Ó ń wo inú ife tíì rẹ̀.

Wọ́n gbé mi lọ sí ibi ìkàwé, pé kí n máa bójú tó ìwé ìròyìn àtijọ́. Ní Sátidé tí ilé-ìwé dá páropáro, ọ̀gá ẹ̀ka wọlé, ó dá kọ̀ǹpútà ọ̀gá padà sí ogójì. Láti ibi ìkàwé ni mo ti rí i: mo ké sí ogójì, ogójì dáhùn. Ó wá lẹ bébà mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà náà, ó kọ nọ́mbà kìíní gàdàgbà sí i. Mo rí bébà yẹn fúnra mi nígbà tí mo lọ dágbére fún ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Inú ọ̀gá dùn sí bébà rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fún ọ̀gá ẹ̀ka ní àmì ẹ̀yẹ, pé òun ló tún un ṣe.

Ní tèmi, wọ́n á nawọ́ sí mi fún òṣìṣẹ́ tuntun: ẹni tó ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà kú láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì ara rẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló wá kù, ẹnu ọ̀gá ẹ̀ka, tó lè sọ pé èmi kọ́ ni mo bà á jẹ́, ohun tí mo sì ń fẹ́ láti ìgbà náà kò ju ìyẹn lọ: kí ẹnu yẹn sọ ọ́ nígbà tí etí mi ṣì ń gbọ́.

Lọ́dún yìí, ilé-ìwé náà fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí Odógbolú. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì rọra rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń pín nọ́mbà lọ́jọ́sí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ yẹn ni, koríko nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ wò ó. Mo padà wá, mo sì fi odindi ìtún kan sílẹ̀ fún un nínú ètò mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí wọn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ẹ̀ka wá sílé mi lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, òun nìkan. Òun náà ti fẹ̀yìn tì. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ó sì ń tẹ̀pá. Mo gbé omi fún un lórí báńkóònì.

“Àǹtí, ara yín mà le o.”

“Ó le. Kí lo wá ṣe?”

Ó mu omi díẹ̀. “Ẹ̀ka Odógbolú ni. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Àwọn ẹnjiníà tó wá so ó mọ́ ti ibí, ọmọ kékeré ni gbogbo wọn, Àǹtí, wọ́n ní ṣe ni ẹni tó ṣe ètò yìí ti mọ̀ pé Odógbolú ń bọ̀. Wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo làwọn kọ sínú ráútà, pé ohun tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, Odógbolú ni kó lọ. Wọn ò yí nọ́mbà ẹnikẹ́ni padà. Wọ́n wá ní kí n ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí mo ṣe rò ó.”

“Bí o ṣe rò ó.”

“Àǹtí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

“Kí lo wá sọ fún wọn?”

“Mo ní ó ti pẹ́. Mo ní màá lọ rántí.”

Inú mi dùn débi pé mo ní láti yíjú sí òde. Ètò tí mo ṣe ti dúró láìyẹ̀ ju àwọn tó fi mí ṣẹ̀sín lọ, àwọn ọmọ tí kò mọ̀ mí rí sì ti kà á, ó sì yé wọn. Ó jókòó ní tirẹ̀, ó ń dúró kí n fi ìdí ètò náà lé e lọ́wọ́, bí mo ṣe fi wáyà lé e lọ́wọ́ nígbà kan.

“Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ,” ni mo wí, “bí o bá kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo lọ sin ìyá mi.”

“Ẹ foríjì mí, Àǹtí. Wàláhì, ẹ foríjì mí.”

“Mi ò ní kí o bẹ̀ mí. Mo ní kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

“Ó ti pẹ́. Ọ̀gá gan-an ti kú.”

“Èmi ò tíì kú.”

Mo rò pé yóò tún wo inú ife omi rẹ̀, mo sì ti múra láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé e sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wò mí lójú.

“Èmi ni mo gbé ọ̀gá sí nọ́mbà kìíní,” ni ó wí. “Mo ti mọ̀ kí ẹ tó dìde níbi ìpàdé yẹn, ẹ̀rù ọ̀gá ló bà mí. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, Àǹtí. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn kí n máa fẹnu ara mi jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ fúnra yín. Iwájú ni màá jókòó sí. Bí wọ́n bá yíjú sí mi, màá ní bẹ́ẹ̀ ni.”