Ọjọ́ Tí Àlejò Kúnlẹ̀ fún Màmá ní Queens Village

Ọjọ́ tí àlejò kan kúnlẹ̀ fún ìyá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ní Queens Village kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Màmá, bí mo ṣe ń pè wọ́n, máa ń sọ pé ọmọ ọba ni òun, pé wọ́n lé bàbá òun kúrò nílùú ní Yúróòpù nígbà tí òun wà ní kékeré. N kò gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ ọba wo ni òjò ń jò sí lórí nínú ilé ara rẹ̀?

Lọ́sàn-án Sátidé kan, bàbá arúgbó kan kan ilẹ̀kùn. Mo fura sí i.

"Ta lẹ ń wá, sà?"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé. Bó ti rí Màmá lórí àga, ó kúnlẹ̀, ó dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó ń sunkún. "Ọmọ Ọba!" Orí mi wú. Àṣé òótọ́ ni!

Màmá dá a mọ̀, wọ́n fa ọwọ́ wọn yọ.

"Báyìí ni bàbá rẹ kúnlẹ̀ fún bàbá mi, kó tó ṣílẹ̀kùn ààfin fún àwọn ọ̀tá."

Bàbá náà kò jiyàn. "Àforíjì fún ohun tó ṣe yẹn ni mo wá tọrọ, kí n tó kú."

Màmá yíjú sí mi. "Po tíì fún un. Ṣùgbọ́n má fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀."

Mo po tíì náà níbi tí wọ́n ti lè rí mi. Láti ọjọ́ náà, n kò tún bi ara mi léèrè bóyá ọmọ ọba ni wọ́n.