Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Yá Fọ́máànù

Òórùn ṣúgà tí wọ́n ń sè ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní Oregun nígbà náà, kó tó rí géètì ilé iṣẹ́ wa rárá. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò là ń ṣe. Òórùn náà a wọ aṣọ, a wọ irun, débi pé bí mo bá délé ní Agége, àwọn eṣinṣin a kí mi káàbọ̀ bí ẹbí. Ìwọ náà rántí bí ìgbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ṣe rí: oúnjẹ ń wọ́n sí i, owó iṣẹ́ dúró sójú kan. Kásúà ni mí, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, iṣẹ́ mi sì ni láti máa yọ ìgò tí kò kún dójú ìlà sọ́tọ̀. Wọn kì í tà á, nítorí náà èmi ni mo ń mu ún. Ìgò mẹ́fà, ìgò méje lójúmọ́, òun ni oúnjẹ ọ̀sán mi. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Fọ́máànù wa, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó síngbọnlẹ̀, a máa tiro nítorí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń wú, tó máa ń pọ́n bí ata rodo. Wọ́n ti sọ fún un pé yúríìkì ásíìdì, èyí tó ń mú oríkèé wú, ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé kó dín ẹran kù.

"Ọ̀gá," mo máa ń wí, "àrùn olówó lẹ ní. Owó ọ̀hún nìkan ni a ò tíì rí."

"Egungun gbígbẹ," òun náà a dáhùn, "ibo ni àrùn á ti rí ibi jókòó sí lára tìẹ?"

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri: gbogbo òṣìṣẹ́ tó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ sì ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn tí ara wọn kò dá ni wọn yóò kọ́kọ́ dá dúró. Fọ́máànù ní ọmọ márùn-ún nílé ìwé. Ó fà mí sẹ́yìn páálí.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi na apá fún wọn. Ara tìẹ le."

Kásúà kò sí lára àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ẹni tó wá gba ẹ̀jẹ̀ kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó pe orúkọ fọ́máànù. Mo dáhùn pẹ̀lú ohùn ńlá, bí baba ọlọ́mọ márùn-ún.

Lọ́sẹ̀ kejì, fọ́máànù ti ọ̀dọ̀ dókítà ilé iṣẹ́ wa dé, ìbínú kò jẹ́ kó rántí láti tiro.

"Irú ẹ̀jẹ̀ wo lo gbé fún mi yìí? Wọ́n ní ásíìdì yẹn ga, ṣúgà náà ti ń gòkè. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀! Lọ́la ni wọ́n máa kọ orúkọ mi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n dá mi dúró!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi rántí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀.

Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, tèmi lè lọ, kò sì sí ẹni tí í bẹ̀bẹ̀ fún kásúà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá dókítà, mo jẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan ni, ó wò mí láti òkè ìgò ojú rẹ̀.

"Kí lò ń mu?"

Mo ka àwọn ìgò mi fún un.

"Ohun dídùn náà máa ń mú ásíìdì yẹn pọ̀, kì í ṣe ẹran nìkan. Bó bá sì ti ga báyìí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé e. Kì í ṣe dandan o, ṣùgbọ́n má dúró dè é."

Ó ránṣẹ́ pe fọ́máànù, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì. Ásíìdì ti fọ́máànù ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ dára. Ó kọ̀wé pé ó lè ṣiṣẹ́. Tèmi kò yí padà. Kò fi ẹjọ́ wa sun ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà, lọ́sàn-án gbogbo ni fọ́máànù ń tiro wá síbi tábìlì mi, á dúró tì mí títí n ó fi mu ife omi kan tán. "Olówó," á wí, "ẹ rọra o." Nígbà tó fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣúgà mi ti wálẹ̀, kò sì gòkè mọ́ títí dòní.

Mo ti darúgbó díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ èmi náà a sì máa wú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdọọdún ni mò ń lọ fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi, mo máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, kó lè dá wọn lójú pé èmi gan-an ni mo ni ẹ̀jẹ̀.