Àpò Àlùbọ́sà Lórí Táìlì Dídán

Wọ́n tún ní èmi ni mo ba àwọ́ọ̀dù yẹn jẹ́. Èmi! Pé ká ní mo pa ẹnu mi dé fún wákàtí kan péré, ilé ìwòsàn ìjọba tá a kọ́ n'Íkòsì ì bá gbé ipò kìíní, wọn ì bá sì ya gbogbo wa ní fọ́tò. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Èmi ni mo lẹ táìlì ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́, fóònù ni mo ń wò kọ́ ọ, mo fọ́ táìlì onítáìlì títí ọwọ́ mi fi mọ́ ọn. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tí aláboyún àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ń gbà wọlé. Táìlì ṣákiṣàki tí kì í yọ̀ ló wà nínú ìwé iṣẹ́. Èyí tó ń dán bíi dígí ni Ọ̀gá tó gbaṣẹ́ kó wá, èyí tó ṣẹ́kù níbi òtẹ́ẹ̀lì kan tá a ṣe l'Ógùdù.

Mo ní, "Ọ̀gá, eléyìí máa yọ̀ o."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo yàwòrán ilé ni? Lẹ̀ ẹ́ jọ̀ọ́."

Mo lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tèmi náà ò mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ibẹ̀ ni Màmá àgbàlagbà kan tó gbé ọmọ-ọmọ wọn wá gba abẹ́rẹ́ yọ̀, wọ́n fìdí jálẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọmọ yẹn. Ni Aunty Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ibẹ̀ bá ránṣẹ́ sí ọjà Mile 12, wọ́n kó àpò àlùbọ́sà tó ti ṣófo wá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí táìlì. Àpò oníhò wẹ́wẹ́ yẹn, ó máa ń di ẹsẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ń gùn ún.

Àfi bí wọ́n ṣe ní wọ́n fẹ́ fún ilé ìjọba tó dáa jù ní àwọ́ọ̀dù: ilé tí wọ́n yàwòrán ẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì ra ohun tó wà nínú ìwé gẹ́lẹ́ fún un. Ohun tó wà nínú ìwé o! Ọ̀gá forúkọ ilé wa sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, a fi ọṣẹ fọ gbogbo ilẹ̀. Ọ̀gá wo àpò, wọ́n ní kí n ká a kúrò.

Aunty Nọ́ọ̀sì ní, "Ọ̀gá, òní mà ni ọjọ́ àwọn aláboyún."

"Aunty, wákàtí kan péré. Àbí àpò àlùbọ́sà lẹ fẹ́ kí wọ́n fún ní àwọ́ọ̀dù?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ká a.

Àwọn àlejò dé, obìnrin kan, ọkùnrin méjì. Wọ́n ń yìn ín, ó mọ́, ó dán. Ọ̀gá ń yọ eyín bí ọkọ ìyàwó. Ibẹ̀ la wà tí aláboyún kan fi gba géètì wọlé, ikùn ẹ̀ ti wálẹ̀, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí omi ò tíì gbẹ lórí ẹ̀. Mo wo Ọ̀gá. Wọ́n rí i. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń fi àjà han àwọn àlejò.

Orí mi gbóná. "Aunty, ẹ dúró! Ẹ má gun ibẹ̀, ẹ máa ṣubú!" Mo sáré gbé àpò, mo tẹ́ ẹ níwájú gbogbo wọn.

Obìnrin inú àwọn àlejò ní, "Kí ni ti àpò?"

"Mà, táìlì yìí kọ́ ló wà nínú ìwé. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Ó ń yọ̀."

Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé ọwọ́ wọn. Aláboyún yẹn rọra tẹ orí àpò, ó wọlé.

Ilé mìíràn ló gba àwọ́ọ̀dù. Ọ̀gá ò pè mí sí iṣẹ́ kankan mọ́, balùwẹ̀ ẹnì kan ni mo ń lẹ̀ l'Álápẹ̀rẹ̀ báyìí. Onípéńtì tá a jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pàdé mi lọ́nà, ó ní, "Ṣé àpò ẹ ti débẹ̀?" Aunty Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbè mí gan-an ní, "O ò bá ti rọra di obìnrin yẹn lọ́wọ́ mú." Bóyá òótọ́ ni. Mi ò rò ó nígbà yẹn, ẹnu mi ló yá ju ọwọ́ lọ.

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ká ní ẹ̀yin lẹ lẹ táìlì yẹn, tẹ́ ẹ wá rí oyún ńlá yẹn tó ń bọ̀, ṣé ẹ máa dákẹ́?