Iná Onígi fún Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọlọ́dà

Ọlọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Iṣẹ́ ilé kíkùn ló ń ṣe láti kékeré, tó bá sì ti di ọ̀rọ̀ àwọ̀, kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Kọ́tìnì, aṣọ àga, títí dórí ife ìmumi, òun ló ń yàn wọ́n. Inú a máa bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, pé ojú Ọlọ́dà mọ nǹkan í yàn ju tòun lọ.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé tiwọn tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló kù tí kò tíì níná. Nígbà tí Ọlọ́dà ń kọ́ṣẹ́, ó bá ọ̀gá rẹ̀ kun ilé ńlá kan tí wọ́n kọ́ láyé àwọn amúnisìn. Iná kan wà lára ògiri níbẹ̀, igi gbígbẹ́ ni wọ́n fi gbé e dúró, dígí sì bo gílóòbù rẹ̀. Kò gbàgbé iná yẹn rí. Irú rẹ̀ gan-an ló fẹ́, kó lè máa jókòó wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn.

Àmọ́ ojú rẹ̀ ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní èyí tó bá ti lọ kò ní padà mọ́. Ọlọ́dà ní òun ṣì ń ríran dáadáa, kí wọ́n má da òun láàmú. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́, nítorí ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ó ní ká yáa tètè lọ ra iná náà, kí ọkọ òun lè rí i kí ojú náà tó lọ tán.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ. Obìnrin tó ń ta iná ti gbé oríṣiríṣi kọ́ ara pákó kan. Ọlọ́dà fọwọ́ pa igi àkọ́kọ́.

"Ṣé eyín lẹni yìí fi fá igi ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí ìkejì, ó fọwọ́ pa á, orí rẹ̀ wú. Ó wá na àtẹ́lẹwọ́ síwájú dígí, kò gbé e kúrò.

"Ìyá oníná, ẹ tan eléyìí ká wò ó."

Iná náà ti wà ní títàn láti ìgbà tá a ti wọlé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bo gbogbo ojú Ọlọ́dà. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná ló mọ̀. Àwọn tòde òní kì í gbóná bẹ́ẹ̀, ló fi rò pé kò tíì tàn. Àṣé ọwọ́ ló ti fi ń ríran nílé, tó ń tàn wá jẹ.

Obìnrin náà lanu láti sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi yára ṣẹ́jú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sí súìṣì, ó pa iná náà, ó sì tún un tàn kí Ọlọ́dà lè gbọ́ ìró rẹ̀.

"Wọ́n ti tàn án, Bàbá wọn."

Ọlọ́dà gbé ọwọ́ kúrò níwájú dígí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló dún, Ìyá wọn. Ó ti ń tàn tẹ́lẹ̀, àbí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sunkún.

"Má bínú," ni Ọlọ́dà wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́. Yàn án fún wa."

"Èmi? Èmi ò mọ̀ ọ́n yàn o."

"Ìwọ lo máa máa wò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró síwájú àwọn iná yẹn bí ọmọ tó sọnù. Èmi tí mo ti ń bínú látọdún yìí wá pé ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kó yan nǹkan, ká ní ọkùnrin náà lè gba yíyàn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ fún un lobìnrin mi. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan ọ̀kan.

"Eléyìí."

"Báwo ni àwọ̀ igi rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó dúdú díẹ̀."

"Ìyẹn ò tó mi. Tún un wò dáadáa, kó o rọra sọ ọ́ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi fi etí ìró nu ojú, ó sún mọ́ iná náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ fún un.